Ọwọ́ Tí A Fi Ń Júwe Ilé Baba Ẹni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Mo máa ń sọ fún wọn pé àbùkù ni òwe náà ń kìlọ̀ fún: kí ọmọ má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo orírun rẹ̀ níwájú àlejò. Fọ́tò yíyà ni ó wá kọ́ mi ní apá kejì òwe náà. Ènìyàn lè fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé baba rẹ̀, kí ó fi ẹ̀rín sí i, kí ó fi ọ̀ṣọ́ sí i, kí ó sì jẹ́ pé ilé tí ó ń júwe kì í ṣe ilé baba rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo bá wí pé fọ́tò ilẹ̀, kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe fọ́tò òkè, odò, igbó, ọ̀dàn àti ojú ọ̀run. Èyí tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tàbí tí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, tí kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni a ṣe gbé kámẹ́rà. Lóde òní, ẹni tí ó bá ń ṣe eléyìí fún ìgbádùn ara rẹ̀ kì í dúró lórí yíyà nìkan. Bí ó bá délé, yóò gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, yóò tún un ṣe. Yóò mú kí ojú ọ̀run dúdú sí i, yóò mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀ sí i, yóò yọ wáyà iná kúrò, yóò nu ọ̀rá omi tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà nù. Àwọn kan ní ẹ̀tàn pátápátá ni. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọnà ni, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ti kánjú. Àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni àsọdùn. Àsọdùn kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè mi nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: nínú fọ́tò ilẹ̀, níbo ni àsọdùn parí sí, níbo sì ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ọdún 2013 ni mo ra kámẹ́rà tòkúnbọ̀ kan ní Computer Village ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi dá lórí oríkì ìlú, mo sì fẹ́ máa ya àwọn òkè àti odò tí àwọn oríkì náà ń dárúkọ. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi di eré, tí eré sì di àìsùn. N óò jí ní agogo márùn-ún ìdájí kí n lè bá ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lórí àpáta. Ìyàwó mi a máa bi mí léèrè bóyá òkè ni ó ránṣẹ́ pè mí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ pé fọ́tò ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí a jogún bá. Àwa Yorùbá tètè gba kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ènìyàn ni a fi ń yà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ilé onífọ́tò tí ó wà ní ìlú wa kọ ẹ̀yìn sí òkè ńlá tí a fi mọ ìlú náà. Inú ilé ni ó ti ń yà wá, níwájú aṣọ kan tí wọ́n kun ọgbà òdòdó àti àtẹ̀gùn ilé òyìnbó sí. Òkè dúró lẹ́yìn ilé, àwa dúró níwájú aṣọ. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí a gbé àga síta kí òkè náà lè bá wa wọ inú fọ́tò. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn òkè. Ẹnu ni a fi ń ya tirẹ̀, nínú oríkì.

Oríkì sì ní òfin kan tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Àsọdùn kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í fi àpá pamọ́. Karin Barber, ẹni tí ó gbé ní Òkukù tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí oríkì ìlú náà ní 1991, fi hàn pé oríkì a máa gbé ohun ìtìjú mọ́ ohun ìyìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fara balẹ̀ gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ó ki ìran kan fún agbára, a ó sì mẹ́nu ba gbèsè, ìjà, ogun tí ó kó wọn, àti ìṣe tí àwọn ọmọ ìran náà kò ní fẹ́ kí àna wọn gbọ́. Orí ẹni tí à ń kì yóò wú, ṣùgbọ́n kò ní ṣi ara rẹ̀ mọ̀. Bí ẹni tí ń kini bá yọ gbogbo àpá kúrò, ìpọ́nni lásán ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ọkùnrin kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé díẹ̀ ni àwọn tí ń ya fọ́tò ilẹ̀ lónìí tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ansel Adams ni orúkọ rẹ̀. San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní 1902. Ó kú ní 1984. Dùùrù títẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, èyí sì hàn nínú ọ̀nà tí ó gbà ronú nípa fọ́tò. Ó ka nẹ́gẹ́tíìfù sí orin tí a kọ sínú ìwé, ó sì ka fọ́tò tí a bá tẹ̀ láti ara rẹ̀ sí bí a ṣe kọ orin náà létí àwùjọ lọ́jọ́ kan. Ìwé orin kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ọ́ lè gbóhùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Fọ́tò rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni "Moonrise, Hernandez, New Mexico", tí ó yà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1941. Ó ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ibi tí iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ti dùn mọ́ ọn nínú, ni ó bá rí abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan, itẹ́ òkú tí oòrùn ìkẹyìn ń tàn sí àgbélébùú rẹ̀, òkè oníyìnyín lókèèrè, òṣùpá lókè gbogbo rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ó rántí bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ti tó, ó fi ṣe ìṣirò, ó sì ya ẹyọ kan. Kí ó tó ya ìkejì, oòrùn ti kúrò lára àgbélébùú.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó kàn wá. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ni ó fi ń tẹ fọ́tò yìí jáde láti ara nẹ́gẹ́tíìfù kan ṣoṣo náà, iye èyí tí ó tẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní 1948 ó tún fi oògùn ki apá ìsàlẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù ọ̀hún kí ilẹ̀ àti abúlé lè túbọ̀ yọ. Nínú àwọn èyí tí ó kọ́kọ́ tẹ̀, ojú ọ̀run kò dúdú púpọ̀, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà níbẹ̀. Nínú àwọn tí ó tẹ̀ ní ìgbà ogbó rẹ̀, ojú ọ̀run ti dúdú bí aró. Bí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rò pé ìrọ̀lẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ṣé irọ́ ni èyí? Rárá o. Ojú ọ̀run ọjọ́ náà kò dúdú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, òkú wà níbẹ̀ lábẹ́ àgbélébùú wọn. Ó gbóhùn sókè lórí ohun tí ó wà nílẹ̀ ni. Ohun tí akéwì ń ṣe nìyẹn nígbà tí ó bá ní òkè kan fi orí kan ọ̀run. Ní tèmi, mo fẹ́ràn èyí tí ó tẹ̀ ní ìgbà ogbó jù, nítorí pé bí òkùnkùn ti ń gbilẹ̀ lókè ni ìtànṣán kékeré tí ó wà lára àwọn àgbélébùú ń ṣe iyebíye sí i. Síbẹ̀ mo gbà pé a pàdánù nǹkan. A pàdánù ìrọ̀lẹ́ náà fúnra rẹ̀, wákàtí tí kò tíì di òru.

Ìkejì nínú fọ́tò rẹ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni "Winter Sunrise, Sierra Nevada from Lone Pine", ti ọdún 1944. Ní àsìkò yẹn Adams ń lọ sí àgọ́ Manzanar, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Japan sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì jìnnà sí ìlú Lone Pine. Nínú fọ́tò náà, òkè oníyìnyín ń tàn funfun lókè. Àwọn òkè kéékèèké dúdú kirikiri láàárín. Nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ balẹ̀ sórí pápá kan, ẹṣin kan ṣoṣo sì ń jẹko níbẹ̀. Ẹṣin náà kọ̀dí sí i títí, kí ó tó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síhà kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn. N kò mọ fọ́tò mìíràn tí sùúrù hàn nínú rẹ̀ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lára àwọn òkè dúdú yẹn tí a kò rí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà ti kọ lẹ́tà L àti P ńláńlá ní funfun sí ara òkè, kí gbogbo ayé lè mọ orúkọ ìlú wọn. Adams pa á rẹ́ kúrò lára nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tí ó bá sì kù lára fọ́tò, a fi búrọ́ọ̀ṣì bò ó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, "Examples: The Making of 40 Photographs", tí ó jáde ní 1983. Ó ní àwọn kan dá òun lẹ́bi, ṣùgbọ́n àpá ni òun ka lẹ́tà náà sí, òun kò sì ní bá wọn sọ àpá di ohun àìkú.

Ọ̀rọ̀ yìí, àpá, ni ó dá mi dúró. Àpá ta ni? Lójú Adams, òkè ni ó ní àpá. Lójú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ilé baba wọn ni wọ́n júwe. Nígbà tí a pa lẹ́tà náà rẹ́, fọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í wí ohun kan tí kò rí bẹ́ẹ̀: pé ẹṣin nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀. Ó sì yani lẹ́nu, nítorí pé Adams kan náà ni ó tẹ ìwé "Born Free and Equal" jáde ní 1944 kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè rí ojú àwọn tí wọ́n kó sí Manzanar. Ẹni tí kò fi ènìyàn pamọ́ níbẹ̀ ni ó fi àmì ọwọ́ ọmọdé pamọ́ níhìn-ín. Mo kà á sí àṣìṣe ńlá lára fọ́tò ńlá. Ohun tí ó gbà á là ni pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nítorí ìjẹ́wọ́ rẹ̀, lẹ́tà náà ṣì wà nínú ìtàn fọ́tò ọ̀hún bí kò tilẹ̀ sí lójú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní títún fọ́tò ṣe jẹ́ àṣà àjèjì sí wa, kí ó rántí fọ́tò ìbejì. Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978, ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò pẹ̀lú èkejì rẹ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó wà láàyè, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tí ó kù, a ó yà á. A ó tún wọ aṣọ obìnrin fún un, a ó sì tún yà á. Ta ni wọ́n tàn jẹ? Kò sí. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, onífọ́tò mọ̀, ará ilé mọ̀. Fọ́tò náà kò sọ pé ọmọ kò kú. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ tí ó kú kò kúrò nínú ìdílé.

Àwọn tí ń gbẹ́ ère ní ilẹ̀ wa ní ọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n yìí. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó jáde ní 1973, Robert Farris Thompson sọ pé jíjora wà lára ohun tí àwọn onílàákàyè Yorùbá fi ń ṣe ìdájọ́ ère. Ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ọ́ ní àjọjù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jìnnà sí i tí a kò fi ní dá a mọ̀. Mo rò pé jíjora àti àsọdùn jọ ń rìn ni. Àsọdùn ń fa nǹkan gùn, jíjora ń dì í mú kí ó má baà já. Nígbà tí ó bá já, àṣejù ti dé, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

Kọ̀ǹpútà ni ó wá mú kí jíjá rẹ̀ rọrùn. Ní 1987 ni Thomas Knoll, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí òun àti àbúrò rẹ̀ John sọ di Photoshop; ilé-iṣẹ́ Adobe sì gbé e jáde ní 1990. Ohun tí Adams ń fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe nínú yàrá òkùnkùn di ohun tí a ń fi ìka kan ṣe. Ní 2002 ni wọ́n fi irinṣẹ́ kan kún un tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Healing Brush, èyíinì ni búrọ́ọ̀ṣì ìwòsàn. Bí a bá fi í kan ojú àpá, yóò yá awọ ara ibi tí ó dára nítòsí, yóò fi bo àpá náà, yóò sì mú àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dọ́gba. Láti 2023, ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lásán, kí ètò náà sì dá ojú ọ̀run tuntun fún un.

Irinṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ẹni tí ó ṣe é kà sí àrùn. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Dehaze, tí ó dé ní 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ká kùrukùru kúrò lójú fọ́tò. Mo fi dán fọ́tò kan wò tí mo yà ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ mú. Òkè tí ó ti funfun ráúráú lókèèrè bí ẹni tí ó kun ẹfun yọ jáde, ewé rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ mú. Inú mi dùn. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i pé mo ti pa ọyẹ́ rẹ́. Eruku tí ó ti aṣálẹ̀ Sahara wá, ètè tí ń bẹ́, koríko tí ń jó, ìdí tí mo fi wọ súwẹ́tà lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Fọ́tò náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò ní oṣù.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀ òkè ìlú mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì ni ìlú wa wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Láti 2015, gbogbo ìgbà tí mo bá ti lọ sílé ni mo ń lọ dúró sí ojú kan náà lẹ́bàá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama, tí n óò ya òkè náà. Ní 2017 ilé-iṣẹ́ kan tí ń fọ́ òkúta gba apá kan lára rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù ya á. Àpá funfun kan yọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ti fẹ̀. Ẹ̀rọ dé, ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù dé, eruku dé.

Kí ni mo ṣe? Mo wò ó sàn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, búrọ́ọ̀ṣì ìwòsàn ni n óò mú, tí n óò yá ewéko láti ìhà ìlà-oòrùn, tí n óò fi bo ojú egbò náà. Mo mọ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. N óò wá tọ́jú fọ́tò náà sórí fáìlì àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé títún bo àìtún mọ́lẹ̀. N óò sì nu káàdì kámẹ́rà kí n lè tún lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìgbà náà, n óò ní ìfẹ́ ìlú ni. Fọ́tò ọdún 2018 ni wọ́n gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn ààfin. Ti 2019 ni wọ́n fi ṣe kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìlú, wọ́n sì kọ orúkọ mi àti oyè mi sí abẹ́ rẹ̀.

Ní 2021, ìlú pinnu láti kọ ìwé ẹ̀hónú. Ilé ti ń sán, kànga méjì ti gbẹ. Ìgbìmọ̀ ní kí n mú àwọn fọ́tò mi wá, ní ọdọọdún, kí ìjọba lè fi ojú rí bí wọ́n ti ń jẹ òkè náà lọ. Ta ni ì bá tún ní irú rẹ̀? Mo padà sí Ìbàdàn, mo tú gbogbo kọ̀ǹpútà. Òkè ọdún mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, gbogbo wọn pé pérépéré, kò sí ọ̀kan tí ó ní àpá.

Èyí tí ó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé. Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà dìde, ó sì tú kàlẹ́ńdà ọdún 2019 sórí tábìlì. Ó ní ẹ wo òkè yín, ọmọ yín ni ó yà á, orúkọ rẹ̀ nìyí. Níbo ni ìbàjẹ́ tí ẹ ń wí wà? Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo dìde, mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, bí mo ti ṣe é, àti orúkọ irinṣẹ́ tí mo lò. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní ìkángun, tí oko rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Dókítà, o ṣeun o. O ti bá wa wo òkè sàn lórí bébà." Kò bínú. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bínú.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó yọ wá. Ní ọdọọdún ni wọ́n ń ya àwọn ọmọ tí ó ń jáde ìwé mẹ́wàá, ní ìta gbangba, ní ìtòsí ibi tí èmi náà máa ń dúró sí. Onífọ́tò tí ń yà wọ́n kò bìkítà fún òkè. Orí ọmọ mìíràn gé, oòrùn mú kí àwọn kan di ojú, fọ́tò kan tilẹ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orí àwọn ọmọ náà ni àpá wà: ní 2017 ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ní 2018 ó fẹ̀ ju fèrèsé lọ, ní 2020 ó ti gba ejìká òkè. Àwọn fọ́tò wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ fi ojú iṣẹ́ ọnà wò wọ́n, kò sí ọ̀kan tí ó kún ojú òṣùwọ̀n. Síbẹ̀ àwọn ni ó jẹ́rìí, tèmi sì jẹ́rìí ta ko ìlú.

Nítorí náà, bí a bá bi mí níbo ni àsọdùn parí sí, n kò ní sọ pé níbi tí a ti yọ nǹkan kúrò. Andreas Gursky, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, yọ ilé-iṣẹ́ àti àwọn tí ń mú ajá rìn kúrò nínú fọ́tò odò Rhine tí ó pè ní "Rhein II" ní 1999. Ní 2011 wọ́n tà á ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Gbogbo ayé mọ ohun tí ó yọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbé fọ́tò náà lọ sí ilé ẹjọ́ láti fi sọ pé kò sí ilé-iṣẹ́ lẹ́bàá odò. Ohun tí mo rí ni pé àsọdùn a máa fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Adams jẹ́wọ́, nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì wà. Ìyá ìbejì mọ iye ọmọ tí ó jókòó níwájú onífọ́tò. Ẹni tí à ń kì dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú oríkì rẹ̀. Irọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti pa nǹkan rẹ́, tí a sì tún pa àmì pípa rẹ́ náà rẹ́.

Mo ṣì ń ya fọ́tò ilẹ̀, mo sì ṣì ń mú kí ojú ọ̀run dúdú sí i bí ó bá wù mí. Ṣùgbọ́n fáìlì RAW ni mo ń yà báyìí, èyí tí ètò tí mo ń lò kì í fọwọ́ kàn. Ohun tí mo bá ṣe wà lọ́tọ̀, ohun tí kámẹ́rà rí wà lọ́tọ̀. N kì í yọ ilé, òpó iná tàbí àpá kúrò mọ́. Bí wáyà bá dí mi lójú, n óò rìn lọ síwájú.

Mo lọ bá Kábíyèsí pé kí wọ́n jẹ́ kí n yọ fọ́tò tèmi kúrò ní gbọ̀ngàn ààfin. Kábíyèsí ní rárá, kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ ohun tí mo ṣe sí abẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ ní ọwọ́ ara mi, mo sì fi gíláàsì bò ó: "Òkè ìlú wa, 2018. Ní ọjọ́ tí mo ya fọ́tò yìí, wọ́n ti fọ́ òkè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Èmi ni mo fi ewéko bo ibẹ̀."